Awọ Itan Ló Jẹ́rìí Ọpọlọ: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Jẹjẹrẹ Tó Sá Pamọ́ Sínú Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìlú Ọba ni ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Nínú àwọn aláìsàn tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ló pọ̀ jù, ohun tó fà á kì í sì í jìnnà: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọkàn tí kì í lù déédéé, sìgá. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á ti mọ ìwà wọn. Àìsàn kan wà ṣá tó máa ń gbé ẹ̀wù rọpárọsẹ̀ wọ̀, tó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ni. Àwa oníṣègùn ń pè é ní intravascular large B-cell lymphoma. Lìmfómà ni, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń gbèjà ara, ṣùgbọ́n kì í yọ kókó sí ọrùn tàbí abíyá bíi ti àwọn lìmfómà yòókù. Inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn tó kéré jù lọ nínú ara ló máa ń bí sí, tó ń rẹ̀ sí, títí á fi dí wọn pa. Ti ọpọlọ àti ti awọ ara ló sì máa ń dà láàmú jù láàárín àwọn tí wọ́n ti rí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Láàárín mílíọ̀nù èèyàn, ẹni tó ń ṣe lọ́dún kan kì í pé ẹyọ kan. Nítorí náà, kí ẹni tí apá rẹ̀ ń kú, tàbí tí orí ń fọ́, má ṣe ka èyí tán kó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe òun. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ná.

Ẹni tí mo tipasẹ̀ rẹ̀ mọ àìsàn yìí dáadáa, mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Màmá ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é, títí kan àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Aṣọ ló ń tà n'Ìbàdàn kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ọmọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló rọ, ife tíì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ ní CT, ẹ̀jẹ̀ kò dà síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Wọ́n fún un ní aspirin àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọwọ́ náà padà bọ̀ sípò, ó sì gba ilé lọ. N kò rí nǹkan kan bá àwọn tó tọ́jú rẹ̀ nígbà yẹn wí. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa ṣe náà ni wọ́n ṣe.

Nígbà tó padà wá, ọ̀rọ̀ ti yí. Ọmọ rẹ̀ ní Màmá ò ṣe bíi Màmá mọ́. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń da iyọ̀ sí tíì, tó bá sì di òru á dìde, á máa di ẹrù ọjà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò lágbára mọ́, ìtọ̀ kò sì jáde fúnra rẹ̀. Ibà máa ń gbé e nírọ̀lẹ́, á sì lọ láàárọ̀. Ó ti rù débi pé ìró kì í dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ti fún un ní oògùn ibà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, kò sì tu irun kan lára rẹ̀. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn léraléra, kò sí.

Èmi nìkan ni Yorùbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bá ní kí n wá bá a sọ̀rọ̀, torí gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ sá lọ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀ kò ju pé ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Níbo la wà yìí?"

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Gbági ni."

"Tí yáàdì kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì, èló ni yáàdì mẹ́ta?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Tí o bá sì ní kí n dín in kù, mi ò dín in."

Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré, ọgbọ́n ọjà rẹ̀ kò sì yingin. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọkọ òun ti kú, kò mọ ọdún tí a wà, mo sì dárúkọ ohun mẹ́ta fún un, kí n tó ka iye tó mọ, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Ọpọlọ tí àrùn gbàgbé-gbàgbé àwọn àgbàlagbà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kì í rí báyìí. Ibì kan nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, ibì kan sì wà tí ohunkóhun ò tíì kàn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í hàn tí a bá ń fi èdè tó ti sọ nù lẹ́nu aláìsàn yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà, kí n tó gbà pé ọpọlọ ẹnì kan dàrú, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

A ya àwòrán MRI. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wọ ọpọlọ ló ní àgbègbè tó ń bọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀kan, àgbègbè tirẹ̀ ló máa kú, ẹni tó bá sì mọ bí àwọn iṣan náà ṣe pín ọpọlọ láàárín ara wọn á fi ìka tọ́ka sí èyí tó dí. Nínú ọpọlọ Màmá, àwọn ojú funfun kéékèèké wà lápá ọ̀tún, wọ́n wà lápá òsì, wọ́n wà nínú ọpọlọ ẹ̀yìn, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò sí iṣan kan ṣoṣo tó lè jẹ́bi gbogbo wọn. Tí a bá ní ọkàn ló ń ta ẹ̀jẹ̀ dídì sókè, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí náà a yẹ ọkàn wò, a tilẹ̀ ti ẹ̀rọ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti wo ẹ̀yìn ọkàn. Ó mọ́. A wo àwọn iṣan ọrùn, wọ́n mọ́. A bu ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò bóyá kòkòrò kan á hù nínú rẹ̀, kò sí ohun tó hù.

Ohun tó wá jọ mí lójú jù ni àwòrán kejì tí a yà lẹ́yìn náà. Àwọn ojú funfun kan ti ń parẹ́, àwọn tuntun sì ti yọ níbòmíràn. Ibi tí rọpárọsẹ̀ bá ti pa máa ń fi àpá sílẹ̀, kì í ṣí kiri. Èyí tó ń parẹ́ tó sì ń yọ, ó jọ pé ohun kan ń dí ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó tún ń ṣí i. Àti pé àwọn ẹsẹ̀ tó kú àti ìtọ̀ tó há, ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn, kì í ṣe ti orí. Àwọn tó ti kọ nípa lìmfómà yìí ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ló máa ń gbà yọjú nínú ètò ọpọlọ: bíi rọpárọsẹ̀ tó ń wá níbi púpọ̀, bíi àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn àti gbòǹgbò iṣan rẹ̀ (iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ ni mò ń wí níbí, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀), bíi orí tó dàrú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àti bíi iṣan ojú tàbí ti ọwọ́ ẹsẹ̀ tó ṣàdédé kú. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ló wà lára Màmá.

Mo mọ̀ ọ́n kà ni, n kò tíì rí i rí. Àwọn orúkọ mìíràn ló kọ́kọ́ jáde ní ìpàdé wa. Ẹnì kan ní ikọ́ ife ló wọ ọpọlọ. Ẹnì kan ní sífílíìsì. Ẹnì kan béèrè kòkòrò HIV. Gbogbo wọn ni a yẹ̀ wò, gbogbo wọn ni kò sí. Omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ní èròjà purotéènì tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan kò sí nínú rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nínú àìsàn yìí nìyẹn: inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú omi tó yí ọpọlọ ká. Àwọn ọ̀gá wa wá gbà pé iná ló ń jó ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, ohun tí wọ́n ń pè ní vasculitis. Wọ́n fi oògùn aláwọ̀ sínú àwọn iṣan náà, wọ́n sì yà wọ́n ní àwòrán. Wọ́n tẹ́jú, wọ́n dán. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyẹn tu ẹnikẹ́ni nínú. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í rí àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn, àwọn ni lìmfómà yìí sì ń gbé.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n pè wá nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ń gbẹ, ló béèrè ohun tí ẹnì kankan ò béèrè: "LDH rẹ̀ ńkọ́?" A kì í yẹ LDH wò fún ẹni tó bá ní rọpárọsẹ̀, kò sí lára ètò. Èròjà kan tó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ni. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú tàbí tó ń pọ̀ lọ́nà òdì, á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ti Màmá fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ṣé LDH nìkan tó láti fi dájọ́? Rárá o. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn lè gbé e sókè, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ nínú ara lè gbé e sókè, kódà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ náà tagbáratagbára tó sì fọ́ sínú ìgò, á ga. Nítorí náà a tún un fà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó wà náà ló wà. Nínú àwọn tó ní lìmfómà yìí, ó tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí LDH wọn máa ń ga. Ẹni tó ń ní rọpárọsẹ̀ lásán kì í ní LDH bẹ́ẹ̀, kì í rù bẹ́ẹ̀, ibà kì í sì í gbé e ní ìrọ̀lẹ́.

Níbí ni àríyànjiyàn tó le jù ti wáyé, èmi ò sì ní fi bò pé ó gbóná. Màmá ń lọ sísàlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀gá wa fẹ́ kí a fún un ní sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó máa ń pa iná tó bá ń jó ògiri iṣan, ní kíá, torí tó bá jẹ́ vasculitis ni, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lè pa ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ìdì máa ń pa sẹ́ẹ̀lì lìmfómà kíákíá. Aláìsàn á gbádùn fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ilé á máa yọ̀, dókítà á sì máa rò pé òun ti rí i. Tí ẹ bá wá gé ẹran ara wò lásìkò yẹn, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní bá sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀ mọ́. Tí àìsàn náà bá tún fi máa padà, ibi tó máa gbà yọ lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ ò sì tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo tẹnu mọ́ ni pé: kí a kọ́kọ́ gba ẹran ara, kí sítẹ́rọ́ìdì tẹ̀lé e ní wákàtí yẹn gan-an tí wọ́n bá fẹ́. A fẹnu kò sí i.

Ibo ni kí a ti gba ẹran náà? Ọpọlọ ni ẹnu gbogbo èèyàn kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n lu agbárí, kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dà níbẹ̀, wọ́n sì lè bu ibi tí àìsàn kò sí. Àwọn dókítà ilẹ̀ Japan ló ti fi ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ han ayé: ẹ gé awọ ara. Kò pọn dandan kí awọ náà ní egbò tàbí àbàwọ́n kankan. Itan, ikùn, apá lókè, ibi tí ọ̀rá bá wà lábẹ́ awọ, kí ọ̀bẹ sì lọ jìn dé inú ọ̀rá yẹn, torí inú ọ̀rá ni àwọn iṣan tó ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pamọ́ wà. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ dunni lásán tó, a ò nílò èyí tó ń múni sùn. Ẹni tó bá ní àwọn ojú pupa kéékèèké tó máa ń yọ sára àgbàlagbà, ẹ gé ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú, torí ìdìpọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì fẹ́ràn ibẹ̀. Lára awọ dúdú bíi tiwa, ìpọ́n ṣòro láti rí, nítorí náà kí wọ́n má dúró de ohun tí ojú rí kí wọ́n tó gé.

Ọmọ Màmá obìnrin gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wà n'Ìbàdàn, òun ni àkọ́bí, òun kò lè fọwọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kò lóye ìdí tó fi yẹ kí a dúró de ẹni tó wà nílẹ̀ ibòmíràn. Èmi yé mi. A pè é lórí fídíò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Orí ló ń da ìyá mi láàmú, itan lẹ wá fẹ́ gé?"

Mo rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba orí Màmá náà ló ń gba itan wọn. Ohun tí a rò pé ó ń dí iṣan nínú orí, tó bá jẹ́ òun ni, ó máa wà ní itan náà. Itan sì rọrùn láti rán ju orí lọ."

"Tí ẹ ò bá rí i ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a máa padà wá bá yín sọ ti orí, sà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun pe àwọn àbúrò bàbá òun. Kó tó di alẹ́, ó ti padà pè: kí a ṣe é, ṣùgbọ́n kí n wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Màmá bú dókítà tó ń gé e ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi kò sì túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹran ara kì í sábà rí àwa dókítà wọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ wọn, ó sì yẹ kí a máa lọ. Èsì tí wọ́n kọ sórí ìwé kò lè ṣe ohun tí ojú ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà òyìnbó kan ló jókòó sídìí máíkírósíkóòpù, ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó fi ẹran láti itan hàn mí. Ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀, funfun, ó ní àlàfo àlàfo, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Níbi tó yẹ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa máa kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì gìrìwò tí inú wọn dúdú ló há síbẹ̀ fọ́fọ́. Kò sí ẹyọ kan lóde ògiri iṣan. Ó wá gbé èyí tí wọ́n fi àwọ̀ CD20 kùn síwájú mi, CD20 ni àmì tí wọ́n fi ń mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì B: gbogbo àwọn tó há náà ló pọ́n bíi ilẹ̀. Nínú ẹran tí a gé láti ikùn, kò sí nǹkan kan rárá. Tó bá jẹ́ ikùn nìkan la gé, a bá ti sọ pé kò sí.

Mo bi í léèrè ìdí tí wọn kì í fi jáde. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó pé pérépéré máa ń di ògiri iṣan mú, á sì yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá sínú ẹran ara níbi tí iṣẹ́ bá wà. Ohun tó fi ń di ògiri mú wà lára rẹ̀, méjì nínú wọn ni CD29 àti CD54. Àwọn olùwádìí ti rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì lìmfómà yìí kò ní wọn. Wọ́n dà bí èrò inú dáńfó tó dé ibùdókọ̀ rẹ̀ tí kò rí ọwọ́ ilẹ̀kùn dì mú, ọkọ̀ á máa gbé e yí ìlú ká, èrò mìíràn á sì máa wọlé.

Ní Vienna, ní 1959, ni Pfleger àti Tappeiner kọ́kọ́ kọ nípa àìsàn yìí. Wọ́n rò pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń ya wèrè, orúkọ gígùn tí wọ́n fún un sì tẹ̀lé ìrò yẹn. Àfi ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọ̀ tó ń dá irú sẹ́ẹ̀lì mọ̀ ti dé, ni ayé tó rí i pé lìmfómà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn ikú, lórí tábìlì àyẹ̀wò òkú, ni wọ́n ti máa ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ronú lórí ìyẹn ní ọ̀dọ̀ tiwa, níbi tí ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n la òkú àgbà. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mi ò mọ̀ bóyá mo máa gbà bí ó bá kan bàbá mi. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn kan ti lọ nílẹ̀ wa tí a kọ rọpárọsẹ̀ sórí ìwé ikú wọn, tí kì í ṣe òun.

Ìtọ́jú Màmá bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀. Rituximab, tó máa ń lọ wá CD20 yẹn gan-an rí, pẹ̀lú àwọn oògùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní CHOP. Sítẹ́rọ́ìdì tí mo bá jà wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkókò rẹ̀ ló ti wá tó. Àwọn wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ, nítorí náà wọ́n fi methotrexate tó pọ̀ kún un. Èyí ni oògùn tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo wọn. Tí omi kò bá ṣàn dáadáa nínú aláìsàn, kíndìnrín lè bàjẹ́; wọ́n ní láti máa fún un lómi, kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní folinic acid lákòókò rẹ̀ kí methotrexate náà má bàa pa ohun tí a kò rán an sí. Ọ̀kan nínú CHOP pupa, ó sì máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. A ti sọ fún ọmọ Màmá ṣáájú, síbẹ̀ ó pè mí pẹ̀lú igbe láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n n'Ìbàdàn béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni àǹfààní rẹ̀. Ìwádìí àwọn ará Japan kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, tí wọ́n lo irú àpapọ̀ oògùn yìí, méjìléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn, ìyẹn 92, ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì. Kí n lè sọ òtítọ́ fún un, mo fi kún un pé àwọn tí àìsàn ti hàn nínú ọpọlọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìwádìí yẹn, ti Màmá sì ti wà níbẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ ṣé tí ẹ kò tàn mí." Ó tún béèrè bóyá àìsàn náà lè ran ẹni tó ń tọ́jú ìyá òun tàbí kó bọ́ sára àwọn ọmọ. Kì í ràn. A kò sì mọ̀ ọ́n sí àìsàn ìdílé.

Ibà ló kọ́kọ́ lọ. LDH tẹ̀lé e, ó ń wálẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Orí rẹ̀ pẹ́ kó tó padà. Lọ́jọ́ kan tí mo gba ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ kọjá, ó pè mí, ó ní, "Dókítà, ọmọ mi, ta ló ń bá mi mójú tó ìsọ̀ mi?" Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ pé òun kò sí ní Gbági. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tán, ó ń fi ọ̀pá rìn, àpá díẹ̀ sì kù nínú àwòrán ọpọlọ rẹ̀ tí kò ní lọ mọ́.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn, tó ṣì wà nílé, sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀rọ MRI wà níbí o, owó tí aláìsàn máa fi wọnú rẹ̀ ni kò sí." Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé àpò ara wọn ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ, a rí i pé ohun tó ṣí ọ̀nà fún Màmá gan-an kì í ṣe àwọn ohun olówó ńlá. Àwọn yàrá àyẹ̀wò níléèwòsàn ńlá lè yẹ LDH wò. Dókítà awọ lè gé itan ní kílíníìkì. Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni ìgò: ẹran tí wọ́n fi sínú omi lásán tàbí omi iyọ̀ á ti jẹrà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, formalin, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó sì pọ̀ ju ẹran náà lọ dáadáa. Àwọ̀ CD20 ni kò sí níbi gbogbo. Ìyẹn náà kò dí ọ̀nà, torí ẹran tí wọ́n bá ti dì sínú ìda lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn láti kun ún. Lójú tèmi, ilé ni gígé awọ yìí wúlò sí ju Ìlú Ọba lọ. Ní ìhín, tí awọ bá kùnà, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà ní àjà òkè.

Nígbà tí ìtọ́jú parí, Màmá ní òun fẹ́ lọ sílé lọ wo ìsọ̀ òun. Àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ lọ́ra, torí àìsàn náà lè padà, tó bá sì máa padà, ọpọlọ ni ó sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Èmi ni mo kọ lẹ́tà tó mú dání fún dókítà tó máa rí i n'Ìbàdàn. Mo kọ orúkọ àìsàn náà sókè ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo kọ iye LDH rẹ̀ lọ́jọ́ tó gba ilé lọ, kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n á fi wé tuntun. Mo kọ ọ́ pé àpá àtijọ́ wà nínú ọpọlọ rẹ̀, kí wọ́n má sọ pé rọpárọsẹ̀ tuntun ni. Mo ní tí ibà bá gbé e, kí wọ́n yẹ ibà ẹ̀fọn wò bí wọ́n ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún LDH lọ́jọ́ náà. Mo fa ìlà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn: tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tún dàrú tàbí tí apá kan bá rọ, kí wọ́n pè wá kí wọ́n tó fún un ní sítẹ́rọ́ìdì. Mo kọ nọ́ńbà fóònù wọ́ọ̀dù sí i, mo sì fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀dà mìíràn, torí Màmá ti ní inú àpò owó ọjà ni òun máa fi tòun sí.